Bí Ìkòkò Fọlárìn Ṣe Jẹ Ata

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín pé ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni. Ẹ rò pé obìnrin kan ló gbé ìkòkò kaná, tó da ata sí i, tí àgbà kan tí ebi ń pa jókòó tì í, tó sì fi ìyẹn pòwe. Rárá o. Ọ̀rọ̀ gìtá ni. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Ọkùnrin kan wà ní Èbúté-Àfọ̀n létí ọ̀sà, Fọlárìn ni wọ́n ń pè é. Gìtá ló ń ta jẹun. Bí ìlú bá fẹ́ ṣe ohunkóhun tó ju oúnjẹ alẹ́ lọ, Fọlárìn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ké sí. Ó sì ní áńpù kan tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún un. Áńpù yìí, àpótí onígi ni, sípíkà ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi wáyà so gìtá mọ́ ọn, ohùn tín-ín-rín tó wà lára okùn a wọ inú rẹ̀, a sì jáde bí ààrá. Kì í ṣe irú tòde òní. Àwọn gílóòbù kéékèèké ló tò sí ìdí rẹ̀ lóòró, bí iná bá sì ti dé ara wọn, wọn a pọ́n yòò. Bí wọ́n bá ṣe ń gbóná sí i ni àpótí náà a máa kùn, hùn-ùn-ùn, bí ìkòkò ẹ̀wà tó fẹ́ hó. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pe àpótí náà ní Ìkòkò. Bí Fọlárìn bá ń kọjá lọ, wọn a ní, "Fọlárìn, Ìkòkò ńkọ́?" Òun náà a dáhùn pé, "Ìkòkò wà o, ó ń kí yín."

Ṣùgbọ́n omi ló yí Èbúté-Àfọ̀n ká. Iyọ̀ tí ẹ bá gbé kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, omi iyọ̀ ni ẹ ó bá láàárọ̀. Aṣọ tí wọ́n sá kì í gbẹ tán. Wọ́n kàn ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún fúngbà díẹ̀ ni. Bíbélì àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ a máa wú bíi búrẹ́dì. Nínú irú ìlú yìí ni Fọlárìn gbé Ìkòkò lé orí sìmẹ́ńtì lásán, tó fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri tó kọjú sí ọ̀sà, tó wá fi rọ́bà dúdú kan wé e látòkè délẹ̀ kí eruku má baà kàn án. Ìkẹ́ ló pè é. Kò mọ̀ pé bí oòrùn bá ti mú, Ìkòkò ń làágùn lábẹ́ rọ́bà yẹn bí ẹni tó wọ ẹ̀wù òtútù lọ sí oko lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, Baálẹ̀ ló ń ṣe ìrántí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde dúró, kí wọ́n dákẹ́ láti fi bọlá fún ìyá àgbà. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Ìkòkò, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ti là á mọ́lẹ̀: "Pùúù! Prà-prà-prà-prà!"

Ẹ̀yin náà mọ ohùn tó jọ. Gbogbo ojú yí sí Fọlárìn. Fọlárìn náà yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ohùn ti wá. Baálẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Fọlárìn," ni Baálẹ̀ wí, "ṣé ìwọ ni àbí àpótí rẹ?"

"Àpótí ni, Bàbá."

"Ta ló ni àpótí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ náà ni nìyẹn." Baálẹ̀ tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. "A ò ní pẹ́ ṣí gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí àpótí rẹ bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú àlejò, àwọn onífèrè Òkè-Awò ni yóò máa ṣeré fún wa títí ayé. Mo ti sọ tèmi."

Fọlárìn gbé Ìkòkò lọ sílé, orí rẹ̀ dàrú. Ó tàn án wò. Ìkòkò há, ó pariwo, ó tutọ́ sókè. Fọlárìn fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ fi ẹ̀kọ panu. Nígbà tó padà dé, Ìkòkò ti dákẹ́, ó ń kọrin geere bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Inú Fọlárìn dùn, ó pa á, ó fi rọ́bà wé e. Lọ́jọ́ kejì, prà-prà-prà. Ó ní bóyá ìdọ̀tí ni. Ó bu omi ọṣẹ, ó fi aṣọ tútù nù ún tinú tẹ̀yìn, ó tún wá rọ́bà kejì wé e lé orí ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn tó jáde nínú Ìkòkò kò jọ ti ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ ti èèyàn.

Ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Fèyí, ta lẹ̀ ń fìyà jẹ níbẹ̀ yẹn?"

"Ìkòkò ni. Bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ya wèrè tó."

"Ẹ ò ṣe pe Múníru?"

Múníru ni ẹni tó ń tún rédíò àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe lókè odò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù gbọ́rọ̀ ní Èbúté-Àfọ̀n, àfi kó lọ dúró sí góńgó afárá onípákó tó wọ inú ọ̀sà. Ibẹ̀ ni Fọlárìn lọ dúró sí, tó fi ọwọ́ kan di fóònù mú, tó fi ìka dí etí kejì.

"Ẹnjiníà Múníru! Ìkòkò ń pariwo láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án!"

"Ibo lò ń gbé e sí?"

"Nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fi rọ́bà wé e dáadáa."

"Háà! Ọ̀rin… ló ti wọ inú ẹ̀ yẹn!"

Atẹ́gùn ọ̀sà gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rinrin ni Múníru wí, ìyẹn omi tín-ín-ín tó ń bá afẹ́fẹ́ rìn. Orin ni Fọlárìn gbọ́.

"Kí ló wọ inú ẹ̀?"

"Ọ̀rin…! Ó ti kún inú ẹ̀! Ó ti dé ihò tí wáyà ń wọ̀, ó ti dé abẹ́ àwọn bọ́tìnnì. Òun ló ń pariwo yẹn!"

Fọlárìn wo ọ̀sà. Ó wo fóònù. "Ẹnjiníà, ṣebí orin náà ló yẹ kó wọ inú ẹ̀?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Á bà á jẹ́! Tú rọ́bà yẹn dànù, gbé e kúrò nílẹ̀, gbé e síbi tó ga, tó gbẹ, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí gbogbo ẹ̀ lè rọra jáde. Bó o bá fẹ́ lò ó, tàn án kó kọ́kọ́ gbóná fúnra ẹ̀ ná. Má sì…"

Fóònù kú. Fọlárìn mì í, ó gbọ̀n ọ́n, ó nà án sókè sí ojú ọ̀run. Má sì kí ni? Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi ìgbì omi.

Ó padà sílé, ó jókòó sórí àga, kò bọ́ bàtà.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

"Wọ́n ní orin ló há sínú Ìkòkò."

"Orin wo?"

"Wọn ò sọ. Wọ́n ní ó ti kún inú ẹ̀. Wọ́n ní ká gbé e síbi tó ga, tó gbẹ, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí orin yẹn lè jáde."

Rẹ̀mílẹ́kún rò ó títí. "Bóyá èyí tẹ́ ẹ kọ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi ni. Kò tíì jáde létí èmi náà." Nígbà tó rí i pé ọkọ òun kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibì kan ṣoṣo ló gbẹ nílùú yìí o. Àjà Mọ́mì mi ni."

Òótọ́ ló sọ. Ìyá tó bí Rẹ̀mílẹ́kún ní àjà kan lókè ààrò rẹ̀, níbi tó ti ń yan ẹja, tó sì ń sá ata wẹ́wẹ́ kó lè gbẹ. Ìyá Alájà ni wọ́n ń pè é. Àlejò tí kò gbọ́ orúkọ náà dáadáa a máa wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá ajá wà níbẹ̀. Ata ìyá yìí kì í ṣe ata ẹ̀rín. Ọjọ́ tó bá ń gún un, àwọn ará ilé kejì a máa sín. Òun nìkan ni kì í sín. Ó ti bá èéfín ata gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dà á láàmú mọ́.

Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, Ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ gbé wá yìí?" ni Ìyá Alájà bi í.

"Ìkòkò ni, mà."

"Ìkòkò onígun mẹ́rin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Orin ni, mà. A fẹ́ kó gbẹ ni."

Ìyá Alájà wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Rẹ̀mí, ṣé ọkọ ẹ ń rí oorun sùn?"

Síbẹ̀, àna ni àna ń jẹ́. Ó gbà. Fọlárìn gun àjà, ó dojú sípíkà dé ilẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn Ìkòkò tó ṣí sílẹ̀ sókè, nítorí ó rò ó pé bí orin bá ń jáde, òkè ni yóò gbà bí èéfín. Ìyá ní, "Ẹ má jẹ́ kó gba àyè ata mi o." Fọlárìn ní kò ní gba àyè.

Ó gba àyè. Ìyá Alájà náà kò sì jẹ́ fi àyè ṣòfò. Ó tẹ́ apá kan ata rẹ̀ sórí ẹ̀yìn Ìkòkò, lórí àwọn igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dábùú rẹ̀. Ata tútù ni, ó wú, kò lè bọ́. Ṣùgbọ́n ata tó bá ń gbẹ ń sún kì. Bó ti ń sún kì, ó ń gba àárín igi wọlé, ó ń bọ́ sínú Ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá gun àjà, ó rí i pé ata ti dín. Ó tún da òmíràn sí i. Ó tún dín. Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá lójú ẹsẹ̀.

"Rẹ̀mí, ṣé o kì í se ọbẹ̀ fọ́kọ ẹ ni?"

"Mò ń sè é, Mọ́mì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí o. Gbogbo ìgbà tó bá ti wá kí àpótí ẹ̀ ni ata mi ń lọ. Mi ò ní kó má jẹ ata. Kó kàn sọ fún mi ni."

Fọlárìn kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Tirẹ̀ ni pé ó ń gun àjà, ó ń gbé etí sẹ́bàá Ìkòkò, ó ń gbọ́. Ó sì ń gbọ́ nǹkan lóòótọ́: ṣàà, ṣẹ̀, ṣàà. Ata ló ń bọ́. "Orin ti ń tú jáde," ni yóò sọ fún ara rẹ̀. Bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, yóò rí ìyá ìyàwó rẹ̀ nídìí àkàsọ̀, tó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bíi pé ó ń wá nǹkan níbẹ̀. Fọlárìn a kí i, ìyá kò ní dáhùn. Kò yé e. Láyé rẹ̀ lákòókò yẹn, nǹkan tó yé e kò pọ̀.

Ọjọ́ ṣíṣí gbọ̀ngàn pé. Fọlárìn àti ìyàwó rẹ̀ gbé Ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ti gbé e nàró, inú rẹ̀ dún ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀.

"Kí nìyẹn?" ni Fọlárìn wí.

"Orin tó kù ni," ni Rẹ̀mílẹ́kún dá a lóhùn. "Ó ti gbẹ."

Gbọ̀ngàn tuntun náà rẹwà lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ọ̀dà fèrèsé rẹ̀ kò tíì gbẹ, kò sì sí èyí tó ṣeé ṣí. Èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ jókòó sórí pèpéle. Àwọn onífèrè Òkè-Awò náà wá, wọ́n gbé fèrè sórí itan, wọ́n ń dúró kí Ìkòkò ṣe tirẹ̀ kí wọ́n bọ́ sójú agbo. Baálẹ̀ alára gbé àga rẹ̀ kúrò láàárín àwọn olóyè, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòkò. "Mo fẹ́ máa wò ó," ló wí.

Fọlárìn rántí ọ̀rọ̀ Múníru pé kó jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná. Ó tàn án. Kò há. Kò tutọ́. Hùn-ùn-ùn, bẹ́ẹ̀ ni Ìkòkò ń kùn jẹ́jẹ́. Ọkàn Fọlárìn balẹ̀. Ó wo ojú Baálẹ̀, Baálẹ̀ mi orí. Aṣojú ìjọba dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà náà ni àwọn gílóòbù pọ́n yòò láàárín òkìtì ata.

"Ta ló ń dáná?" ni Baálẹ̀ bi Fọlárìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Nǹkan kan ń… nǹkan… hàtíṣììn!"

Fìlà Baálẹ̀ fò kúrò lórí. Aṣojú ìjọba ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa pàtàkì, ìjọba yín kò ní… kò ní… háíṣììn!" Ohun tí ìjọba kò ní, a kò gbọ́ ọ títí dòní. Ikọ́ gba iwájú, ó gba ẹ̀yìn. Àwọn onífèrè fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n fa èémí sínú dáadáa kí ẹ̀rín lè dùn, àwọn gan-an ni èéfín náà sì wọ̀ lára jù. Ọ̀kan nínú wọn sín sínú fèrè rẹ̀, fèrè dún bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gúnlẹ̀. Àwọn tó wà nídìí fèrèsé ń fi ọwọ́ gbá a, ọ̀dà ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n wá ń fi ọwọ́ ọ̀dà nu ojú.

Fọlárìn kò ríran mọ́. Omi ojú ti bò ó. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lọ́kàn ni pé orin tó há náà ló ń jáde yìí. Ó wò ó pé bó bá ní kó jáde, ẹ jẹ́ kó kúkú bá ọ̀nà tó dáa jáde. Ló bá di gìtá mú, ó fi ìka kan okùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìkòkò kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti gbẹ débi egungun. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àmù, kò sí há, kò sí prà. Fọlárìn ń ta gìtá, ó ń wúkọ́, ó ń sunkún. Gbogbo ìlú ti tú sí etí omi, wọ́n ń ki orí bọ ọ̀sà bíi pẹ́pẹ́yẹ. Òun nìkan ló kù nínú ilé tó ń kọrin oríkì Èbúté-Àfọ̀n.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀, tó kó àwọn olóyè ìlú kejì tí wọ́n pẹ́ dé. Wọ́n bá Baálẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ létí omi, tó ń sunkún gidi. Wọ́n bá ọkùnrin bá obìnrin, gbogbo wọn ló ń sunkún. Orin gìtá sì ń jáde bọ̀ láti inú gbọ̀ngàn, ó dùn bí oyin.

"Háà, ta ló kú?" ni olórí wọn bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni ẹnì kan dáhùn láàárín ikọ́. "Fọlárìn ló ń ṣeré."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Eré tó ń pa odindi ìlú lẹ́kún! Baálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa ní ọkùnrin yìí. Tiwa tó wà nílé, oorun ló ń fi eré tirẹ̀ kùn wá."

Baálẹ̀ nu ojú. Ẹni tó ti pẹ́ lórí oyè mọ ìgbà tí kò yẹ kó jiyàn. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣeré níbí," ló wí. "Fọlárìn kì í ṣe ẹni tí a ń yá ẹlòmíràn."

Ẹ ò rí i? Báyìí ni iṣẹ́ Fọlárìn ṣe bọ́ lọ́wọ́ ewu, òun alára kò sì mọ̀.

Múníru wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn. Láti ọjọ́ tí fóònù ti kú mọ́ ọn lẹ́nu ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ó fi aṣọ dí imú, ó sáré wọlé, ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó sì fa Fọlárìn jáde.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo jẹ́ kí orin jáde bó o ṣe wí."

"Orin? Ọ̀rinrin ni mo wí! Ọ̀-rin-rin! Omi inú afẹ́fẹ́!"

Fọlárìn la ẹnu.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ kí fóònù tó kú ni pé kó o gbé e lé orí àpótí ìjókòó, kó jìnnà sí ògiri, kó o fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kó lè máa mí. Kó o máa tàn án lóòrèkóòrè bí o ò tilẹ̀ lò ó. Kó o sì má gbé e dé ìtòsí ààrò láé! Ibo lo gbé e sí?"

"Orí ààrò," ni Fọlárìn dá a lóhùn.

Kí Múníru tó lè sọ̀rọ̀, Ìyá Alájà ti kọjá lára wọn. Imú rẹ̀ wà lókè. "Ata mi nìyẹn," ló ń wí, "ata mi ni mò ń gbóòórùn yẹn." Ó wọ inú èéfín náà lọ bí ẹni ń wọ ìyẹ̀wù rẹ̀, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí èéfín fúyẹ́ díẹ̀, tí Baálẹ̀ àti àwọn yòókù yọjú wọlé, wọ́n bá ìyá níwájú Ìkòkò, tó ń wo ata tó ti dúdú bí èédú nídìí rẹ̀.

"Ta ló jẹ ata mi?" ni ìyá bèèrè.

Fọlárìn kúnlẹ̀. "Ìkòkò ni, mà. Kì í ṣe èmi."

Ìyá Alájà na ọwọ́ sí ìdí àpótí náà. "Yéè!" Ó yára fà á padà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Ó wo Ìkòkò, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìbínú ọjọ́ gbogbo yọ́ kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde, ọkọ mi," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè dénú. Ó ti yé mi wàyí. Gbogbo ìgbà tó fi wà lórí àjà mi, ó kàn fi ata mi sẹ́nu ni, kò jẹ ẹ́, nítorí ìdí rẹ̀ tutù. Ìgbà tí ìdí ti wá gbóná ni oúnjẹ tó lọ." Ó kọjú sí Baálẹ̀ àti gbogbo àwọn olójú pípọ́n tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbọ́ o, kó má tún sí ẹni tí yóò purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílùú yìí: ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná!"

Baálẹ̀ fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó la ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Bẹ́ẹ̀… bẹ́ẹ̀… hàtíṣììn!"

Gbogbo ìlú gbà pé ó ti fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa á lówe. Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ má ṣe yọjú wo ilé ìdáná. Ẹ bi wọ́n pé gìtá dà, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo imú, nítorí ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná.